Olójòóró àti ẹlẹ́èébú nídìí ṣẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì: bí mo ṣe ń bá wọn lò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí àwọn tó ń kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp ti pọ̀, ìbéèrè kan náà sì ni gbogbo wọn ń bi mí: kí ni kéèyàn ṣe fún ẹni tó ń ṣe òjóró, kí sì ni kéèyàn ṣe fún ẹni tó ń bú bàbá èèyàn torí pé wọ́n jẹ kuìnì ẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ta á, blitz, ìyẹn ayò kíákíá, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ló pọ̀ jù nínú tèmi, nígbà míì ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí iná bá wà tí dátà sì wà, kò sì fẹ́ẹ̀ sí ìwà tí mi ò tíì rí kí wọ́n hù níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ò gùn. Ẹ fi ẹjọ́ olójòóró sùn kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ pa ẹnu ẹlẹ́èébú dé kẹ́ ẹ máa ta ayò yín lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ìfura sọ yín di ẹni tó ń pe gbogbo ayé lólè. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ká mi lára jù, màá dé bẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti òjóró. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta. Lọ́dún 1997 ni Deep Blue, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ IBM ṣe, na Garry Kasparov tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ta tó o láyé nígbà yẹn, ayò mẹ́fà ni wọ́n ta, ẹ̀rọ gba máàkì mẹ́ta ààbọ̀, Kasparov gba méjì ààbọ̀. Ẹ̀rọ ràgàjì ni Deep Blue o. Ní báyìí Stockfish tó lágbára jù ú lọ fíìfíì wà lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù tó wà lápò ẹ lè gbé e. Rating ni nọ́ńbà tó ń fi bí èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó hàn, èyí tó ga jù tí ọmọ èèyàn ní rí ni 2882 tí Magnus Carlsen ní lọ́dún 2014, ṣùgbọ́n lórí àtẹ tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn ẹ́ńjìnnì láàárín ara wọn Stockfish ti kọjá 3500, kò sì sí ẹlẹ́ran ara kankan tó lè bá a figagbága mọ́. Torí náà ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ò nílò ọgbọ́n kankan, á kàn gbé fóònù kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ibi tó o bá gbé nǹkan sí lòun náà á gbé e sí níbẹ̀, ẹ̀rọ á ní gbé ẹṣin síbí, á gbé e síbẹ̀. Ó parí. Àwọn kan tún wà tí wọn kì í lò ó látìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n á fi ta á títí ayò á fi le, tó bá wá ku ibì kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà yè, ìgbà yẹn ni wọ́n á yọjú wo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré. Irú wọn ló ṣòro mú jù.

Òjóró tí kò ní ẹ́ńjìnnì nínú náà wà. Ẹnì kan á mọ̀ọ́mọ̀ máa pàdánù kí rating ẹ̀ lè já wálẹ̀, kó lè wọ ìdíje tí wọ́n ní kẹ́ni tó bá ti kọjá 1400 má wọ̀, á wá máa pa àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ bí ẹni pa eṣinṣin. Ẹlòmíì á gbé àkáǹtì ẹ̀ fún ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ta kó bá a ta á. Ẹlòmíì ṣí àkáǹtì méjì, ó ń fi ọ̀kan na èkejì.

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Àkókò ni mo máa ń wò jù. Èèyàn tó ń ronú, àkókò tó ń lò kì í dọ́gba. Tó o bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó sì jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló lè gbà jẹ tìẹ padà, wéré ló máa jẹ ẹ́, kò sí nǹkan tó fẹ́ rò níbẹ̀. Tó bá dé ibi tó lọ́jú pọ̀, á dúró, á ronú, nígbà míì á ronú débi tí aago á fi fẹ́ tán. Ẹni tó ń wo fóònù kejì ò rí bẹ́ẹ̀, torí àti ibi tó rọrùn àti ibi tó le, bákan náà ló ṣe ń pẹ́ ẹ kó tó gbé e wọ ẹ̀rọ, kó wo ìdáhùn, kó tó wá gbé e fún ẹ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, méje, mẹ́fà, mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ lá máa lọ títí ayò á fi parí. Nǹkan kejì ni àwọn ìgbésẹ̀ tí kò jọ ti èèyàn, wàhálà ti fẹ́ẹ̀ bo ọba ẹ̀, ó wá lọ ń sún pọ́ọ̀nù kékeré kan létí pátákó bíi pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ó di ìgbà tó o bá sún mẹ́wàá sí i kó o tó mọ ohun tó torí ẹ̀ sún un.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní accuracy yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé jáde tí ayò bá parí láti fi bí ìgbésẹ̀ èèyàn ṣe bá ti ẹ́ńjìnnì mu tó hàn, òun ló ń da èèyàn láàmú jù. Wọ́n á rí 96 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ alátakò, wọ́n á ti figbe ta. Ẹ jọ̀ọ́, tó o bá fi kuìnì ẹ ṣòfò nígbà tí ayò ò tíì jìnnà, tó o sì gbà pé o ti kú láìpẹ́ sígbà yẹn, báwo ni tiẹ̀ ṣe fẹ́ kéré? Ìbẹ̀rẹ̀ tó ti kọ́ sórí ló fi ta apá kan, ìyókù sì jẹ́ ohun tó hàn sí gbogbo èèyàn. Ẹni tó wà ní 1200 lè rí 97 nínú ayò kúkúrú bẹ́ẹ̀ láìwo ẹ̀rọ kankan. Ayò kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó ń fi ìmọ̀ ìṣirò wá olójòóró fún FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, bíi Kenneth Regan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Buffalo ní Amẹ́ríkà, ayò rẹpẹtẹ ni wọ́n máa ń kó jọ, wọ́n á wò ó pé báwo ni ìgbésẹ̀ ẹni yìí ṣe bá ti ẹ́ńjìnnì mu tó, ṣé ó ju èyí tó yẹ kí ẹni tó ní rating ẹ̀ lè ṣe, kí wọ́n tó lanu. Ìwọ tó o ta ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀, tínú sì ń bí ẹ, kí lo fẹ́ fi mọ̀ ju ìyẹn lọ?

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Tí mo bá fura, mi ò ní kọ nǹkan kan sí i, kódà ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ ló ń ṣe òjóró, mo ti ta á lólobó nìyẹn, á yí bó ṣe ń ṣe é padà. Tí kò bá sì ṣe é, mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ. Màá tẹ report, màá mú òjóró nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀, màá kọ gbólóhùn kan tàbí méjì pé ẹ wo bó ṣe ń lo àkókò láti ibi báyìí dé ibi báyìí, màá bulọ́ọ̀kì ẹ̀, ó tán, ayò míì. Chess.com, ọ̀kan nínú àwọn ilé ayò orí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú wọn, mo sì gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí tólè bá mọ ibi tí ọdẹ sápamọ́ sí, ibòmíì ló máa gbà. Lichess ní tiẹ̀, ilé ayò míì tí Thibault Duplessis ọmọ ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ lọ́dún 2010 tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dòní, ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Irwin àti Kaladin tó ń yẹ ayò wò, àwọn èèyàn tó ń bójú tó ibẹ̀ náà sì ń dá sí i. Nílé méjèèjì, tí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á dá máàkì tó gbà lọ́wọ́ ẹ padà fún ẹ. Ìsọfúnni kékeré kan lo máa rí pé ẹnì kan tó o bá ta ti rú òfin, rating ẹ á sì gòkè díẹ̀. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má jà nìyẹn, ohun tó jí ò ní pẹ́ padà wálé, ṣùgbọ́n oorun tẹ́ ẹ bá torí ẹ̀ pàdánù ò ní padà wá.

Èébú ńkọ́? Nídìí ayò ọlọ́pọ́n ẹ mọ̀ pé èèyàn máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀ta á máa kọrin fún òpè, á ní kó dìde fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, gbogbo èrò á bú sẹ́rìn-ín, òpè náà á rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ara wọn, àgbà wà ní ìjókòó, ẹni tó bá kọjá àyè ẹ̀, wọ́n á fà á létí. Kò sí àgbà ní ìjókòó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń bú ẹ ò rójú ẹ, kò mọ ilé yín, kò ní pàdé ẹ lọ́jà lọ́la, gbogbo ohun tó bá wá sí i lẹ́nu ló máa kọ. Àsíá Nàìjíríà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ohun tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fà yọ nìyẹn. Tí mo bá ń nà wọ́n, wọ́n á pè mí ní yahoo boy, wọ́n á ní owó ta ni mo fi ra dátà, wọ́n á bi mí pé prince dà, àwọn tó burú jù á pè mí ní ọ̀bọ. Tí mo bá sì pàdánù wọ́n á ní kí n lọ wá oúnjẹ jẹ. Àwọn kan tí mo mọ̀ ti yọ àsíá tiwọn kúrò, wọ́n fi ti ìlú òyìnbó kan síbẹ̀ kọ́kàn wọn lè balẹ̀. Mi ò bá wọn wí, àmọ́ ó dùn mí wọ egungun. Ní April 2024 tí Tunde Onakoya ọmọ Nàìjíríà fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square ní New York, mo rí ọmọ tí kò mọ pọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí ruuku tó ní kí wọ́n ra pátákó fóun, mi ò wá fẹ́ kí ohun àkọ́kọ́ tírú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa kà lórí ayò yìí jẹ́ pé ọ̀bọ ni. Èmi ò ní yọ àsíá mi.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fèsì náà. Kí ni màá fi èsì ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ń wá gan-an nìyẹn, kínú bí mi kí n ṣi nǹkan gbé. Chat wà lára ohun tí èèyàn lè pa nínú settings, ẹ lọ pa á, kò sí nínú òfin ṣẹ́ẹ̀sì pé ẹ gbọ́dọ̀ máa ka ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ta. Lórí Lichess tẹ́ ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà ẹ tẹ lẹ́tà z, wọ́n ń pè é ní Zen mode, orúkọ àti rating àti chat, gbogbo ẹ̀ á kúrò lójú, á ku pátákó nìkan. Takeback náà ṣeé pa, torí àwọn kan wà tí wọ́n á gbé e, wọ́n á rí i pé àwọn ti gbé e síbi tí kò da, wọ́n á wá máa bẹ ẹ́ láìdákẹ́ kó o jẹ́ kí wọ́n dá a padà, tó o bá kọ̀, èébú. Ẹ pa á. Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni wọ́n kọ, ẹ má kàn bulọ́ọ̀kì kẹ́ ẹ máa lọ, ẹ report ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn wà ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò ṣeé sẹ́, wọ́n sì máa ń gba ẹ̀tọ́ chat lọ́wọ́ irú wọn tàbí kí wọ́n ti àkáǹtì wọn pa.

Ó tún wá ku ẹni tó ti kú tí kò fẹ́ gbà pé òun kú. Ó mọ̀ pé méètì ti dé, pé ọba òun ò ríbi sá sí mọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ṣẹ́ kù lórí aago ẹ̀, á kàn fi ẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má dìde o. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń dúró dè ni kó o lọ wo obẹ̀ lórí iná, tó bá ku ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ wọ́n á sáré gbé nǹkan kan kí aago tìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré nígbà tó ò sí níbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ dúró dè é. Àmọ́ gbogbo ẹni tó dákẹ́ kọ́ ló ń ṣe é ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe o, àwa tá a wà ní Nàìjíríà ló sì yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n lè mú iná, kí wáìfáì kú, network lè lọ láàárín gbùngbùn ayò, kó o máa wo fóònù bó ṣe ń yí po láì dé ibì kankan, kẹ́ni tó wà lọ́hùn-ún sì máa rò pé ìwọ̀sí lò ń fi lọ òun. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, mo padà wọlé mo bá èébú jàǹrẹrẹ nílẹ̀ lórí nǹkan tí mi ò ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìfura ti wọlé nìyẹn. Ní September 2022 ní ìlú St. Louis, Magnus Carlsen pàdánù lọ́wọ́ Hans Niemann, ọmọ ọdún 19, nínú ìdíje Sinquefield Cup, lọ́jọ́ kejì ó fi ìdíje náà sílẹ̀, gbogbo ayé sì lóye ohun tó ń dọ́gbọ́n sọ. Niemann fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ṣe òjóró lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún 12 àti ìgbà tóun wà ní 16, ó ní òun ò ṣe é rí níbi tí wọ́n ti jọ jókòó kojú ara wọn. Chess.com gbé ìwé kan jáde ní October, wọ́n ní ó jọ pé ayò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó fi òjóró ta ju 100 lọ. Ẹjọ́ náà kì í ṣe kékeré, àmọ́ ẹ wò ó, títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí kò sẹ́ni tó mú ẹ̀rí wá pé ó ṣe òjóró nínú ayò tó fi na Carlsen yẹn, Regan tí mo dárúkọ lókè náà yẹ àwọn ayò ojúkojú ẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbé ara wọn dé kọ́ọ̀tù, wọ́n wá parí ẹ̀ láàárín ara wọn ní August 2023, ní December ọdún yẹn FIDE ní kí Carlsen san owó ìtanràn 10,000 yúrò torí pé ó fi ìdíje sílẹ̀ láìnídìí gúnmọ́. Èyí tó ti jẹ́wọ́ ni kí wọ́n bi Niemann, kò tọ́ kí wọ́n fi ìyẹn ti èyí tí kò sẹ́ni tó rí lẹ́yìn.

Èyí tó wá ba ọkàn mi jẹ́ pátápátá ni ti Daniel Naroditsky, Danya tí gbogbo wa ń wò. Grandmaster ni, oyè tó ga jù nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò lówó tíṣà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la ti kọ́ endgame, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń ta ìparí ayò, á ta á, á máa ṣàlàyé ẹ̀ lọ́rọ̀ tútù bí ìgbà tó jókòó tì ẹ́. Vladimir Kramnik tó ti fìgbà kan jẹ́ aṣíwájú ayé nídìí ṣẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀sùn kàn án ní gbangba lọ́dún 2024 pé ó ń ṣe òjóró nínú blitz orí íntánẹ́ẹ̀tì, Danya ní òun ò ṣe é, kò sí ilé ayò kankan tó dá a lẹ́bi, ọ̀rọ̀ náà ò sì tán nílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn, ó ní láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, tóun bá ti ń ta á dáadáa, ó ń ṣe òun bíi pé ohun búburú lèèyàn ń rò sí òun. Ní October 2025 ó kú, ọmọ ọdún 29. Mi ò sọ pé ẹ̀sùn yẹn ló pa á o, mi ò sí nílé ẹ̀, mi ò sì láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀, abẹ́ ìfura ló ti lò ó, lórí ohun tẹ́nì kankan ò fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo gbọ́.

Àwọn kan ti pe èmi náà lólè lórí chat. Ó máa ń dunni lọ́nà kan tí mi ò lè ṣàlàyé tán, torí èèyàn á ti jókòó kọ́ endgame ruuku fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọjọ́ tó bá wá bọ́ sí i lọ́wọ́, tó ta á débi tó wu òun fúnra ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á ní ẹ̀rọ ló bá a ta á. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí, report wà fún ìfura, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹni tó mọ ìdí ẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbé e sórí chat, ẹ má gbé e sórí status, ẹ má ya àwòrán orúkọ ọlọ́rúkọ sínú gúrúpù.

Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó ń ta á, Lichess ní kid mode, ẹ tan án, gbogbo ọ̀nà tí àlejò lè gbà bá ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ibẹ̀ á tì pa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń lo tiẹ̀, ó ń ta á, ó ń jayé orí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bú u.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ sétí àwọn tó ń ṣètò ìdíje nínú gúrúpù WhatsApp, èyí tẹ́ ẹ máa ń dá owó jọ fún tẹ́ ẹ á sì fún ẹni tó bá gbégbá orókè. Ẹ má san owó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wákàtí kan lẹ́yìn ìdíje ni wọ́n máa ń san án níbi púpọ̀ tí mo ti rí, ó bá di ọjọ́ kẹta kí ilé ayò tó ti àkáǹtì ẹni tó gba ipò kìíní pa, owó sì ti lọ, nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́, ọmọ tó gba ipò kejì tọwọ́ ẹ̀ mọ́ wá ń wo gbogbo wa lójú. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ìdíje kí wọ́n tó san owó ìwọlé pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdíje lẹ máa tó san ẹ̀bùn, pé tí ilé ayò bá dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹni tó tẹ̀ lé e ló ni ín. Ẹ fi report tiyín ránṣẹ́ lórí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ní ìdí tẹ́ ẹ fi ń fura, ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú gúrúpù títí èsì á fi dé. Gúrúpù tí mo wà nínú ẹ̀ báyìí ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn kan kọ́kọ́ bínú pé owó ń pẹ́, wọ́n ti gbà báyìí.